Bí Mo Ṣe Gbé "Mélòó" Àwọn Ará Tọ́kì Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí ni mo ti ilẹ̀kùn ilé wa pa ní Ìtamaga, ní Ìkòròdú, lẹ́yìn tí ìyàwó mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá orí mi pé. Ọjọ́ Ẹtì ni, nínú oṣù Keje tí òjò dá díẹ̀, ní àsìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà wa. Nínú àpò mi ni ìwé kan wà tí mo fi ọ̀rá wé lẹ́ẹ̀mejì, ìwé àkọsílẹ̀ kan, báírò méjì, agbòjò kan àti búrẹ́dì ọgọ́ta náírà. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń lọ, iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mo sì ń lọ ṣe níbẹ̀: èdè Tọ́kì sí Yorùbá, Yorùbá sí èdè Tọ́kì.

Àǹtí Sáfú ló pè mí. Àbúrò ìyá mi ni, ẹja yíyan ló ń tà ní Ọjà Olúwo. Kò tilẹ̀ kí mi dáadáa lórí fóònù nítorí owó ìpè tó ń jó lọ. Ó ní, "Wàsíù, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé o gbọ́ èdè Tọ́kì?" Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Wá gbà mí. Ọkùnrin Tọ́kì kan ti ka ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì ti lé mi kúrò nídìí àtẹ mi."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gá Hálílù ti ìlú Tọ́kì wá to ẹ̀rọ ìlagi fún ilé iṣẹ́ kan lẹ́yìn ìlú Ẹ̀pẹ́. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bó bá ti kírun Jímọ̀ tán, ọ̀dọ̀ Àǹtí Sáfú ló ti ń ra ẹja tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Ìka ọwọ́ àti ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ná ọjà. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò mi, Àǹtí mú un lọ kí Ìyá Sàbí, àgbà gbogbo àwọn ẹlẹ́ja ọ̀wọ́ wọn, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà. Ọ̀gá Hálílù mú súìtì dání fún àwọn ọmọ-ọmọ ìyá náà. Kí ó lè mọ bí yóò ṣe pín in, ó na ìka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kà wọ́n sókè ketekete.

Ẹ̀yin ará ilé mọ èyí: a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ènìyàn bá bi ìyá àgbà pé ọmọ mélòó ló bí, yóò ní Ọlọ́run ló mọ̀, tàbí kó ní wọ́n wà níbẹ̀, kó sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti òjò. Ẹni tó bá fi ìka kà wọ́n bí ẹni ń ka iṣu lórí ẹbè, ó ti fi iye wọn han ohun tí kò yẹ kó mọ̀ ọ́n. Ìyá Sàbí ní kí ẹni tó kà wọ́n wá tú kíkà náà, àti pé títí yóò fi tú u, Sáfú tó mú un wá kò gbọdọ̀ gbé àtẹ sí ọ̀wọ́ àwọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Àǹtí ti wà ní àyè yẹn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ̀bá títì ló wá ń tajà báyìí, tí eruku ń fi iyọ̀ sí ẹja rẹ̀. Bí ọjọ́ Àìkú bá fi kọjá, ẹlòmíràn ni wọn yóò fún ní àyè náà.

Ó yẹ kí n sọ irú èdè Tọ́kì tí mo gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé mo purọ́. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni mo ra ìwé náà ní ọgọ́rin náírà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé àlòkù sórí àpò ìdọ̀họ ní oríta Ìtamaga. Ikán ti jẹ ẹ́ láti ojú ewé kìíní dé ìkẹtàléláàádọ́rin, ó sì tún jẹ ẹ́ láti ìkàádọ́rùn-ún dé òpin. Ohun tó kù ni Orí Kẹfà, ojú ewé mẹ́rìndínlógún péré, tí ó kọ́ni bí a ṣe ń béèrè iye àti ìwọ̀n. Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Fátíhà. Kò sí ìkíni nínú rẹ̀, kò sí ẹ ṣeun, kò sí ó dàbọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó wà lábẹ́ ọ̀run tí n kò lè bi ará Tọ́kì léèrè iye rẹ̀.

Ọkọ̀ akérò elérò mẹ́rìnlá ni mo wọ̀ ní Ìtamaga, àádọ́jọ náírà dé Ẹ̀pẹ́. Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta ni a fi dúró kí ó tó kún, mo sì lo àkókò náà láti tún ẹ̀kọ́ mi kà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ hàn yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń béèrè ohun tó ṣeé kà ni *kaç*. Létà tó gbẹ̀yìn yẹn ní ìrù lábẹ́. Ẹ lẹ ahọ́n mọ́ òkè ẹnu kí ẹ tó sọ "ṣ", bí ẹni tó fẹ́ sín tí sísín náà sì yẹ̀. Àwa a máa sọ pé ẹja mélòó. Tiwọn, mélòó ló ń ṣáájú: *kaç balık*. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé ẹja kan, ẹja ni. Ẹja ogún náà, ẹja ṣì ni, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Wọn kì í so ìrù mọ́ ọn bí àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò ṣeé kà, bí omi tàbí iyọ̀, *ne kadar* ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì fi ń béèrè iye owó. Àwa ní "èló" fún owó lọ́tọ̀. Ní ibi yìí, a jù wọ́n lọ.

Awakọ̀ wa, tí gbogbo èrò ń pè ní Bàbá Rìṣí, rí mi pẹ̀lú báírò.

"Ọ̀gá, kí lẹ̀ ń kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Mò ń kọ iye èrò inú ọkọ̀ ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka èrò mi o. Ọlọ́pàá ló ń ka èrò."

Òótọ́ ni pé lórí ìjókòó ènìyàn mẹ́ta, mẹ́rin ni a wà. Obìnrin tí èjìká rẹ̀ wà nínú ìhà mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní mo fẹ́ lọ ṣe ògbufọ̀ èdè Tọ́kì.

"Tọ́kì? Ti inú fìríìsà?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. "Ẹ sọ díẹ̀ ká gbọ́, ẹ̀yin aláwo."

Mo tún jókòó dáadáa, mo ní: "*Kaç kişi var?*"

Inú wọn dùn. Bàbá Rìṣí fúnra rẹ̀ wo ẹ̀yìn nínú dígí. "Ó dùn létí o. Kí ló túmọ̀ sí?"

"Ènìyàn mélòó ló wà níbí."

"Mo ti ní kẹ́ ẹ má ka èrò mi!"

Bí a ṣe gbéra nìyẹn. Láti Àdàmọ̀ dé Ìtóìkín, kòtò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mo kà ní apá ọ̀tún nìkan. Ti apá òsì, orí obìnrin náà kò jẹ́ kí n rí i. Ní Ìtóìkín, àwọn tó ń ta àgbàdo sísè sáré bá fèrèsé wa, méjì ní ogún náírà. Ní oríta Ẹjìrìn, àwọn obìnrin méjì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo. Wọ́n ní ọjọ́ ọjà ni, àti pé àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń gúnlẹ̀ láti orí ọ̀sà. Mo bi ọ̀kan pé ọkọ̀ mélòó. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ẹni tó bá ń ra ẹja kì í ka ọkọ̀." Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Aago mẹ́jọ ku ogún ìṣẹ́jú ni mo bá Àǹtí Sáfú ní ẹ̀bá títì, lábẹ́ agbòjò ńlá kan tí irin rẹ̀ kan ti kán. Ó dì mọ́ mi. "Wàsíù ọmọ mi, ṣé o gbé èdè náà wá?"

Mo fọwọ́ lu àpò mi. "Mo gbé e wá, Àǹtí."

Ó bu ìkókóré gbígbóná fún mi, ẹja inú rẹ̀ tó mẹ́ta, ó sì ń tajà bí mo ti ń jẹun. Ẹja àrọ̀ tí wọ́n ká bí òrùka ló kún àtẹ rẹ̀, pẹ̀lú obòkún díẹ̀. Márùn-ún márùn-ún ló ń kó o jọ. Bó bá ka oníbàárà ní márùn-ún tán, a fi kékeré kan lé e bí èènì, èyí tí kò sí nínú kíkà. Mo wá èènì nínú ojú ewé mẹ́rìndínlógún náà, n kò rí i. Àwọn ará Tọ́kì a máa béèrè mélòó, wọ́n a sì gba iye tí wọ́n béèrè gan-an. Àánú wọn ṣe mí. Ní gbogbo wákàtí tí mo fi jókòó níbẹ̀, ọkọ̀ tó ń kọjá da eruku sí wa lára nígbà mẹ́tàdínlógójì. Oníbàárà mẹ́fà péré ló dúró. Àǹtí ní nínú ọjà, kí òòrùn tó mú, òun a ti ta agbọ̀n kan tán. Ó sọ ọ́ láìwo ojú mi.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni ọ̀kadà gbé Ọ̀gá Hálílù dé. Ọkùnrin gbọọrọ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ìdọ̀tí igi sì wà ní etí ṣòkòtò rẹ̀. Ọdún méjì nìyí tí mo ti ń sọ èdè yìí fún ògiri yàrá mi, n kò sì tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹ̀dá alààyè. Gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá, ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí i. Mo wá ìkíni nínú ohun tí mo mọ̀, ohun tó sún mọ́ ọn jù ni mo sì mú.

"*Saat kaç?*" Ìyẹn ni pé, aago mélòó ló lù.

Ó ta gìrì. Ó wo apá rẹ̀. "*İki buçuk*," ni ó wí.

Aago méjì ààbọ̀! Mo wo aago tèmi, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣomi. Mo fi èyí tó kàn lé e: "*Kaç yaşındasınız?*"

"*Elli iki*."

Àǹtí fà mí ní aṣọ. "Kí ló wí? Kí ló wí nípa àtẹ mi?"

"Ó ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni òun."

"Háà! O bi àgbàlagbà ní ọjọ́ orí rẹ̀ láìtíì kí i?"

"Ìkíni ò sí nínú ojú ewé tó kù, Àǹtí."

"Ikán yẹn ò ṣe wá re o! Sọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ fún un, o jàre."

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Bí mo ṣe máa sọ fún un pé a kì í ka ọmọ ọlọ́mọ, ìbéèrè iye nìkan ni mo fi lè sọ ọ́. Mo ronú díẹ̀. Mo na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé Ìyá Sàbí, mo ní "*kaç çocuk*", èyí tó jẹ́ ọmọ mélòó, mo wá mi orí mi gan-an, mo sì fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí tì í lẹ́yìn: "*Yok*." Lójú tèmi, mo ti sọ pé "ọmọ mélòó" kì í ṣe ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ wa.

Ojú Ọ̀gá Hálílù funfun bí ẹ̀fun. "*Yok?*"

Inú mi dùn pé ó yé e. "*Yok!*" ni mo tẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ká ọwọ́ lé orí. Ó sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan tí ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó yí padà, ó sì sáré wọ inú ọjà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Èmi àti Àǹtí ń sáré tẹ̀lé e láàárín àwọn agbọ̀n, àwọn ẹlẹ́ja sì ń pariwo pé kí ló ṣe òyìnbó. Nígbà tí mo rí omijé lójú rẹ̀ ni mo tó mọ ohun tí mo sọ fún un: pé kò sí àwọn ọmọ náà mọ́. Ó ń sáré lọ bá ìyá àgbà wọn kẹ́dùn ni.

Ìyá Sàbí wà lórí àpótí níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú abọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń fo okùn ní àgbàlá. Ọ̀gá Hálílù dúró lójijì. Ó wo àwọn ọmọ náà, wọ́n wà láàyè, ara wọn dá ṣáṣá. Ayọ̀ gbé e. Kí n tó gbé ọwọ́ sókè, ìka rẹ̀ ti jáde, ó ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá gbogbo wọn pé: "*Bir, iki, üç, dört*..."

"Ó tún kà wọ́n!" Ìyá Sàbí gbé abọ́ ẹ̀wà kalẹ̀. "Ó wá sílé mi, ó tún kà wọ́n lójú mi!"

Àǹtí Sáfú ti wólẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni ògbufọ̀ tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Ìkòròdú?"

"Èmi ni, ìyá."

"Kí ni ó ń sọ?"

"Ó... ó ń kà wọ́n ni, ìyá."

"Ṣé ìyẹn náà gba ògbufọ̀?"

Ìyá àgbà náà gbé ìdájọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní bí ọkùnrin náà ṣe gbé kíkà náà gun òkè, bẹ́ẹ̀ ni kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kó kà wọ́n padà sẹ́yìn kí kíkà náà lè tú. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kò rí i kí wọ́n ṣe é rí, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ẹni tó ka ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀mejì rí náà.

Èyí wà ní agbára mi. Mo na ìka mi síwájú Ọ̀gá Hálílù, mo sì ń ká wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: *beş, dört, üç*. Ó yé e. Ó nu ojú rẹ̀, ó kọjú sí àwọn ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti òkè. N kò ní kọ nọ́ńbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ síhìn-ín, nítorí ẹ̀yin tó ń kà á yóò mọ iye àwọn ọmọ náà.

Mo ń gbádùn rẹ̀. Ẹ wo 35 bí àpẹẹrẹ: àwa, márùndínlógójì ni à ń pè é, a yọ márùn-ún kúrò nínú ogójì. Àwọn, ọgbọ̀n àti márùn-ún ni wọ́n ń pè é, wọn kì í yọ nǹkan kúrò. Ẹni tí èdè rẹ̀ kì í yọ nǹkan wá ń yọ ọ́ níwájú mi, nọ́ńbà rẹ̀ ń tò bí ti inú ìwé. Mo gbé báírò, mo ń kọ bó ṣe ń pè é. Ohun tí n kò rí ni pé àwọn ọmọ náà ti sọ ọ́ di eré. Bó bá ti pe nọ́ńbà kan, tí ìka rẹ̀ sì bọ́ sára ọmọ kan, ọmọ náà a sáré wọ inú ilé, a sì pa ẹnu mọ́.

Àǹtí gbá mi lẹ́yìn. "Wàsíù! Gbé ojú sókè! Ó ń kà wọ́n tán!"

Mo gbé ojú sókè. Àgbàlá ti ṣófo. "*Üç*," ọ̀kan wọlé. "*İki*," ọ̀kan wọlé. Abíkẹ́yìn wọn nìkan ló kù, tí kò mọ eré náà, ó jókòó sínú iyanrìn, ó ń jẹ ìka rẹ̀. Ọ̀gá Hálílù fi inú rere na ìka sí i. "*Bir*."

Ìyá Sàbí ti dìde dúró, ẹ̀wà ti tú ká. Mo mọ ohun tó kàn. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé ìkọkànlélọ́gọ́rin: *sıfır*, òdo. Kí wọ́n ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a ní orúkọ fún un. Kí wọ́n kà wọ́n títí yóò fi ku òdo, kò ní orúkọ lédè kankan. Ẹnu Ọ̀gá Hálílù ti ń là. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo rí mú, láti ibi tí ìwé náà ti to àwọn ìdáhùn jọ, èyí tí wọ́n ń lò nígbà tí ẹni tí a bi léèrè kò bá fẹ́ tàbí tí kò lè sọ iye.

"*Çok!*" ni mo fi gbogbo ohùn mi ké. "*Çok! Çok!*" Ó pọ̀! Wọ́n pọ̀!

Ó pa ẹnu dé. Ó wò mí. Ó wo ọmọ inú iyanrìn, ó wo ojú Ìyá Sàbí, ó sì wo ìka ara rẹ̀ tó ṣì nà síta. Mo rí i tí ó ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó ká ìka náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀, ó na apá rẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. "*Çok!*" ni ó wí. "*Çok, çok! Maşallah!*"

Àwọn tó wà nínú ilé rò pé ìpè àtijáde nìyẹn. Wọ́n tú jáde, wọ́n ń ké "Ṣọ́ọ̀kì! Ṣọ́ọ̀kì!" Àwọn ọmọ ilé kejì tí wọ́n ti ń yọjú wo òyìnbó tó ń pariwo bẹ́ sílẹ̀ lórí ògiri, wọ́n dara pọ̀. Àwọn ti ojúlé ìsàlẹ̀ sáré dé. Wọ́n yí ọkùnrin náà ká, wọ́n ń dì mọ́ ọn ní ẹsẹ̀, àgbàlá náà kún débi pé kò síbi tí ẹ̀wà yóò bọ́ sí.

Ìyá Sàbí kọjú sí mi. "Kí ló wí yẹn?"

"Ó ní wọ́n pọ̀, ìyá. Ó tún ní..."

"Máṣáà Allahu ni mo gbọ́. Mo ní etí." Ó wo àgbàlá rẹ̀ yípo. Ẹ̀rín ń wá a ní ẹnu, ó sì ń lé e padà. "Ta ló wá mọ èwo ni tèmi nínú gbogbo eléyìí? Hẹn? Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ó gbọn ẹ̀wà kúrò lára ìró rẹ̀. "Iye náà ti dàrú. Kò ṣeé rí mú mọ́." Ó padà jókòó. "Sáfú, o ò dìde ńlẹ̀? Lọ gbé àtẹ rẹ kúrò nínú eruku."

Ọ̀gá Hálílù fà kinní kan yọ láti inú ẹ̀wù rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ búlúù kan tí wọ́n ya ojú sí, irú èyí tí wọ́n fi ń lé ojú burúkú, ó tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí àwọn ọmọ, ó sì fọwọ́ lé àyà. Ìyá Sàbí mi orí sókè sódò bí ẹni pé ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n. Àwọn náà mọ̀ pé ojú burúkú wà, ẹ̀yin ará ilé. Ìdùnnú ló jẹ́ kó gbàgbé.

Ìgbà mẹ́rin ni a lọ tí a bọ̀ kí a tó kó ẹrù Àǹtí wọnú ọjà tán. Nígbà tó jókòó sí àyè rẹ̀, ó mi ìdí rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. "Ibí yìí mọ̀ mí," ni ó wí, ó sì sunkún díẹ̀. Ogójì àrọ̀ ni Ọ̀gá Hálílù rà. Àǹtí fi méjì ṣe èènì. Ọkùnrin náà dá méjì náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àǹtí tún kó wọn sí i. Ó tún dá wọn padà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbà pé ẹja lè wà nínú àpò òun tí òun kò béèrè.

Ó sìn mí dé ìdíkọ̀. Ó fọwọ́ kan ìwé mi, ó ní, "*Kaç yıl?*" Ọdún mélòó. Ẹ̀dá alààyè bi mí ní ìbéèrè lédè Tọ́kì, ó sì yé mi! Mo ní, "*İki yıl*." Ó ṣí ìwé náà, ó rí bí ikán ti jẹ ẹ́ sí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara ọkọ̀ mú. Ó gba báírò mi, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sí etí ewé: *Merhaba*. Ó tẹrí ba díẹ̀ fún mi, ó fọwọ́ lé àyà, ó sì sọ ọ́. Ìkíni ni. Èmi náà sọ ọ́ fún un. Báyìí ni a ṣe kí ara wa, ọkọ̀ sì gbéra.

Ọgọ́sàn-án náírà ni owó ọkọ̀ àbọ̀ nítorí òjò tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo sì dé Ìtamaga ní aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìn náà ni pé Orí Kẹfà kò tó. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń béèrè, kò kọ́ mi ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ láìbéèrè. Bóyá ó wà nínú èyí tí ikán jẹ.

Àwọn ọmọ mi sáré pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó mi gba ọ̀rá ẹja tí Àǹtí fi ránṣẹ́, ó tú u sínú abọ́, òórùn èéfín gba gbogbo ilé.

"Bàbá wọn, mélòó mélòó ni kí n fún wọn?"

Ọ̀rọ̀ kan wà fún "mélòó mélòó" lédè Tọ́kì, ó sì dùn: *kaçar*. Ó ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo àwọn ọmọ náà, ojú mi kò dúró lára ẹnikẹ́ni.

"Ṣáà máa bù ú," ni mo wí. "Bù ú títí yóò fi kárí."